Bídìn Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí àbúrò mi jẹ́, ẹ gbé mọ́tò àtijọ́ kan síwájú rẹ̀ kí ẹ máa wò ó. Kò ní tíì kí onímọ́tò tán tí á fi sún mọ́ ọ̀pá dídán tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ara ilẹ̀kùn kọjá, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní bídìn. Á fi èékánná ta á, á sì dẹtí. Bó bá dún "kẹ́n", irin ni, á rẹ́rìn-ín. Bó bá dún "kọ̀", ike ni, á yínmú bí ẹni tí eyín rẹ̀ bá òkúta pàdé nínú ìrẹsì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àgbàlá ibi iṣẹ́ wa fi ń pè é ní Elétí-Irin, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá wa sọ ọ́ lọ.

Èmi ni àkọ́bí, òun ló tẹ̀ lé mi. Ẹni kẹta wa la ń pè ní Àbíkẹ́yìn, ọmọ tí Màámi bí nígbà tí gbogbo ayé ti rò pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú ọmọ bíbí. Àgbàlá kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Èmi ń rán awọ ìjókòó mọ́tò lábẹ́ òrùlé páànù lápá ọ̀tún, Elétí-Irin ń tọ́jú gbogbo ohun tó bá ń dán lára mọ́tò, Àbíkẹ́yìn sì ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ má rò pé ọmọ kékeré ni o. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ti níyàwó, ó sì mọṣẹ́ débi pé ó lè tú bídìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára mọ́tò láìṣẹ́ kílíìpù kan. Mo ti rí ọ̀gá púpọ̀ tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Elétí-Irin kórìíra ike. Ó ní ọjọ́ tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike tí wọ́n kun bí fàdákà rọ́pò irin ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. "Irin tó bá wọ́, a ó nà án," á máa wí. "Irin tó bá dípẹtà, a ó fọ̀ ọ́. Ike tó bá sán ńkọ́? Ṣé kí n jókòó tì í kí n máa sunkún ni?" Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ tọ́ ọ kí wọ́n lè gbọ́ ìwàásù náà látòkè délẹ̀. Èmi náà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá dé ọ̀run, á kọ́kọ́ ta ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní èékánná kó tó gbà láti wọlé.

N kò ní parọ́, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bídìn irin tó ti lò tó ogójì ọdún lára mọ́tò, tí ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, bó bá fi wákàtí méjì jókòó tì í pẹ̀lú òrí àti aṣọ rírọ̀, ẹ ó máa rí ojú ara yín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ike náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kì í dípẹtà, ó fúyẹ́, ó sì máa ń tẹ̀ gba igun tí irin máa ń bá jà. Èyí ni Elétí-Irin kò fẹ́ gbọ́ sétí. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ti ń yìn fún etí rẹ̀ láti ogún ọdún, kì í pẹ́ tí á fi gbàgbé pé òun ní ojú.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbé mọ́tò náà wá, obìnrin gíga kan tó máa ń wo ènìyàn bí ẹni tó ń wá ẹni tó pẹ́ dé kíláàsì. Mọ́tò aláwọ̀ ewé ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ó fẹ́ kí a tún un kùn, kí a tún ìjókòó rẹ̀ rán, kó rí bó ṣe rí nígbà tó jáde láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Lọ́jọ́ náà, Elétí-Irin kò sí níbi iṣẹ́. Eyín ló ń dùn ún, ó ti lọ yọ ọ́. Mo máa ń rò ó títí dòní pé eyín kan ṣoṣo ló tú ilé wa ká. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, á ti ta bídìn náà ní èékánná kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí síbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ló tú àwọn bídìn náà. Ó wé wọn sínú aṣọ, ó kó wọn sórí pẹpẹ. Kó tó tú wọn, èmi fúnra mi yọ ìjókòó ẹ̀yìn jáde, mo sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn gan-an láti mí díẹ̀. Ká ní mo fi ìka kan bídìn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ni, n bá ti jẹ́ ẹlẹ́rìí. N kò kàn án.

Pẹ́ńtà ṣe tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Àbíkẹ́yìn to bídìn padà, ọ̀gá ilé-ìwé dé láti wá wo mọ́tò rẹ̀, Elétí-Irin náà jáde tòun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú. Ó ta ilẹ̀kùn iwájú lápá ọ̀tún. Kẹ́n. Ó ta ti òsì. Kẹ́n. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá ilé-ìwé. Ó wá dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ta á. Kọ̀. Ó tún un ta. Ó rìn yí mọ́tò ká, ó ta ìkejì. Kọ̀.

"Àbíkẹ́yìn."

"Bọ̀ọ̀dá."

"Bídìn ẹ̀yìn dà?"

"Òun náà nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá. Bó ṣe bá mọ́tò wá nìyẹn. Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo tú u. Ẹ jẹ́ n yọ ọ́ fún yín, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀."

"Kí n yí kí ni padà? Irin níwájú, ike lẹ́yìn, lára mọ́tò kan ṣoṣo? Ṣé orí àwọn tó ṣe é dàrú ni?"

"Ẹ ṣáà yí i padà, Bọ̀ọ̀dá. Nǹkan wà níbẹ̀."

Elétí-Irin bi ọ̀gá ilé-ìwé bóyá ó mọ nǹkan kan. Ìyẹn ní ọwọ́ ẹlòmíràn lòun ti ra mọ́tò náà, wíwà lòun mọ̀ ọ́n wà, òun ò mọ irin yàtọ̀ sí ike. Bí àbúrò mi ṣe fa bídìn méjèèjì ya kúrò lára ilẹ̀kùn nìyẹn, tó jù wọ́n sílẹ̀, tó sì fi bàtà tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi rún wẹ́wẹ́.

"Ta lo ta irin yẹn fún?" Ó pariwo débi pé àwọn tó wà ní òdìkejì títì yọjú. "Olè! Lọ́wọ́ mi! Ọmọ ìyá mi!"

Pẹ́ńtà gbójú sílẹ̀. Èmi ní abẹ́rẹ́ ńlá lẹ́nu, èyí tí mo fi ń rán awọ, n kò sì yọ ọ́. Èmi àkọ́bí, tí mo lè fi ojú nìkan lé àwọn méjèèjì jókòó, mo fi abẹ́rẹ́ ṣe àwáwí. Mo ní nínú ara mi pé tó bá ti tutù tán, màá bá a sọ ọ́.

Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, ó ṣa nǹkan kan nílẹ̀, ó tì í bọ àpò. Mo rò pé síkírúù ni. Ó wá to àwọn irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọ̀sán gangan ni.

Elétí-Irin yọ bídìn irin méjì lára mọ́tò kan tó ti kú sí ẹ̀yìn ọgbà wa, ó gé wọn, ó tẹ̀ wọ́n, ó fọ̀ wọ́n, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èyí tó tún wá ń dùn mí ni pé iṣẹ́ náà dára. Ọ̀gá ilé-ìwé yìn ín, ó ní olóòótọ́ oníṣẹ́ ò pọ̀ mọ́ láyé.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró sí àgbàlá. Elétí-Irin gbé e dé ọ̀dọ̀ Màámi lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Màámi jẹ́ fún yín. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi fọ aṣọ nílé ìwòsàn, bọ́tìnì kan ò sì bá wọn wálé rí. Bí a bá mú pẹ́ńsù ọlọ́mọ wálé nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n á dá wa padà pẹ̀lú rẹ̀, ìbáà jẹ́ inú òjò. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn wá jókòó tì, tó sọ fún wọn pé àbíkẹ́yìn wọn ń jalè.

Màámi kò sunkún. Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ àkọ́bí, o wà níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Màámi, òun ló kúkú mọ irin."

N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò pe ọmọ wọn lólè, n kò sì pè é ní olóòótọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, èmi sì ni mo ran òṣìkà náà lọ́wọ́ kí ẹjọ́ lè tètè parí.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, Àbíkẹ́yìn wá kí Màámi. Mo wà níbẹ̀, mò ń ká aṣọ. Ó kí wọn, ó jókòó sí àga tó sún mọ́ ojú fèrèsé, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò. Màámi dìde. Wọ́n rìn lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í pa, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú aṣọ ní igbá àyà. Ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kò ju àwo ìjẹun àti aṣọ ìbora méjì lọ. Àbíkẹ́yìn wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi padà jókòó. Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò, òfìfo. Ó ní, "Màámi, mo ní kí n kàn yà kí yín ni," ó sì dìde. N kò rí i nínú ilé yẹn mọ́ nígbà ayé Màámi.

Ó kó lọ sí òdìkejì ìlú, ó kọ iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀, ó ń ṣe férémù fọ́tò. Lọ́dún kẹrin, Màámi kú. Níbi ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí bí ẹni tó ṣèèṣì kọjá, ìyàwó rẹ̀ ló dì í lọ́wọ́ mú. Elétí-Irin kò wo ọ̀nà ibẹ̀. Èmi wò ó, mo sì gbé ojú kúrò.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn mọ́tò onírin di ohun tí a ń rí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Elétí-Irin darúgbó sídìí iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà sì bá a darúgbó. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún bí mi nínú, ni pé etí náà ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Á ta bídìn ní èékánná, á dẹtí, á tún un ta, á wá bi mí pé, "Àǹtí, kí ló dún?" Nígbà tó yá, ojú ń tì í láti máa bi mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bídìn, á yí i padà, á sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó mọ ohun tó jẹ́. Ohun tó yẹ kó ti máa ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn, etí dídi ló kọ́ ọ.

Bó ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí awọnlẹ̀ kan gbé mọ́tò wá. Baba arúgbó ni, ẹni jẹ́jẹ́. Mọ́tò aláwọ̀ ewé bíi ti ọ̀gá ilé-ìwé ni, irú kan náà, ọdún kan náà. Awọnlẹ̀ ní tuntun lòun rà á, kò sì sí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan ara rẹ̀ rí. Elétí-Irin tú bídìn iwájú, ó yí i padà: irin. Ó tú ti ẹ̀yìn, ó yí i padà. Mo rí i tó dúró gbagidi. Ó wọ dígí ojú rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀.

"Baba," ó wí fún awọnlẹ̀, "ta ló fi ike sí ẹ̀yìn mọ́tò yín?"

"Kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀. Bí mo ṣe rà á nìyẹn. Mo tilẹ̀ bá àwọn tó tà á fún mi jà. Wọ́n ní àárín ọdún yẹn ni ilé-iṣẹ́ náà yí ti ẹ̀yìn sí ike, pé irin máa ń sán níbi tí ilẹ̀kùn ti tẹ̀ yẹn." Ó na ìwé kékeré kan tó bá mọ́tò wá sí i. Àwòrán ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ohun tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ti ẹ̀yìn ni èyí tí wọ́n tẹ̀ yọ gbungbun sí ẹ̀yìn ike náà, pẹ̀lú àmì ilé-iṣẹ́, oṣù àti ọdún.

Elétí-Irin jókòó sórí táyà. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mo sáré gbé omi. Kò mu ún.

"Àǹtí," ó ní, "ó sọ fún mi pé kí n yí i padà."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da omi náà sí i lórí. Mo ti ṣí ẹnu láti bú u. Abẹ́rẹ́ yẹn ni mo rántí. Mo gbé ife sílẹ̀, mo jókòó tì í lórí táyà kan náà, arúgbó méjì. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tiwa jẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún. Àwọn àgbà kò sọ fún wa ohun tí a ó ṣe bí ẹni tó yẹ kó gbọ́ òtítọ́ náà bá ti kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a tọrọ bídìn náà lọ́wọ́ awọnlẹ̀, a sì lọ. Ilé-iṣẹ́ Àbíkẹ́yìn kò ju yàrá kan lọ. Gíláàsì ló fara ti ògiri kan, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì fara ti èkejì. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó kí wa dáadáa, ó nu àga méjì fún wa, ó bèèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lókè orí rẹ̀, Màámi ń wò wá láti inú fọ́tò kan, nínú férémù tó dára ju gbogbo èyí tó wà fún títà lọ.

Elétí-Irin ti kọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ látàárọ̀. Gbogbo rẹ̀ sá lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn gbé bídìn náà sórí tábìlì.

"Mo yí i padà," ó ní.

Àbíkẹ́yìn mú un. Kò wo ojú rẹ̀ tó ń dán rárá. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ṣí àpótí tábìlì, ó wá abẹ́ àwọn ìṣó, ó sì yọ nǹkan kan tó wé sínú aṣọ. Àfọ́kù ike ni, kò gùn ju ìka lọ. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Nọ́ńbà kan náà.

"Àgbàlá yẹn ni mo ti ṣà á," ó wí.

Elétí-Irin ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga láti kúnlẹ̀. Àbíkẹ́yìn sáré gbá a mú lábíyá. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Mo ti dárí jì yín, ó ti pẹ́. Ẹ dìde, orúnkún yín ò gba ìyẹn mọ́." Ó gbé e padà sórí àga, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe fún un. Èmi ti ń sunkún. Mo ní, "Àbíkẹ́yìn, èmi náà o. Mo wà níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Mo rí abẹ́rẹ́ lẹ́nu yín."

"Kí ló dé tí o ò fi èyí han Màámi nígbà náà?"

Ó fi ìka kan àfọ́kù náà. "Mo mú un lọ. Ó wà lápò mi. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ̀ ń ká aṣọ. Kí n tó yọ ọ́ jáde ni Màámi dìde lọ ti kọ́bọ́ọ̀dù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Lẹ́yìn tí ìyá ẹni bá ti ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ẹni, kí lèèyàn tún fẹ́ yọ lápò?"

Ó wé àfọ́kù náà padà sínú aṣọ rẹ̀. Ó na bídìn odindi sí Elétí-Irin. "Ẹ mú un padà, Bọ̀ọ̀dá. Mọ́tò onímọ́tò ni, kó má lọ sọnù." Nígbà náà ló gbójú sókè sí fọ́tò Màámi.

"Èmi àti ẹ̀yin ti parí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ta ló máa wá sọ fún wọn báyìí?"